Bínókúlà àpò wo lẹ máa rà? Ẹ jẹ́ kí lékeléke bá yín yàn án

Ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí ṣáá ni pé "ẹ̀gbọ́n, nínú àwọn bínókúlà kéékèèké olówó gọbọi yìí, èwo ni kí n rà láti fi wo ẹyẹ, ṣé ti Zeiss ni, àbí Swarovski, àbí Leica?" Èmi kì í tètè dárúkọ kankan, torí ojú mi kọ́ ló máa lò ó. Ohun tí mo máa ń sọ ni pé ẹ má dán an wò lọ́sàn-án gangan, ẹ má sì dán an wò nínú ṣọ́ọ̀bù tí iná ti mọ́lẹ̀ yòò, torí níbẹ̀ gbogbo wọn ló dáa, kódà èyí tí wọ́n ń tà létí títì á máa ṣe bí ọ̀gá. Ìrọ̀lẹ́ ni kẹ́ ẹ lọ, bí aago mẹ́fà àbọ̀.

Kí ló fà á? Ẹ wo nọ́ńbà ara ẹ̀. 8x25, 8 yẹn ni iye ìgbà tó fa ẹyẹ sún mọ́ yín, 25 ni bí lẹ́ńsì iwájú ṣe fẹ̀ tó ní mìlímítà. Tẹ́ ẹ bá pín 25 sí ọ̀nà 8, ẹ máa rí 3.1, bí ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ́ sójú yín ṣe fẹ̀ tó ní mìlímítà nìyẹn. Zeiss Victory Pocket 8x25 àti Swarovski CL Pocket 8x25, 3.1 kan náà ni. Swarovski CL Curio tó jẹ́ 7x21, 3 ni tiẹ̀. Leica Ultravid 8x20, 2.5. Lọ́sàn-án ọmọlójú yín ti sún kì, 2.5 ti tó o, ẹ ò ní mọ ìyàtọ̀ kankan. Àmọ́ bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ọmọlójú á fẹ̀, Leica yẹn ló sì máa kọ́kọ́ ṣókùnkùn, kì í ṣe pé lẹ́ńsì ẹ̀ ò dáa o, ó dáa gan-an, ihò ló kéré.

Ẹ má sì jẹ́ kí 10 wọ̀ yín lójú. Èmi náà ti kó sí i rí, mo ra 10x25 kan torí mo rò pé 10 ṣáà ju 8 lọ, àṣé bó ṣe ń fa ẹyẹ náà ló ń fa gbígbọ̀n ọwọ́ mi, ẹyẹ ń jó lójú mi bí ẹni wà ní òde àríyá, nígbà tó yá mo tà á fún àbúrò mi tó fi ń wo bọ́ọ̀lù.

Kẹ́ ẹ tó fi méjì wéra, ẹ kọ́kọ́ tò ó mọ́ ojú yín, ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ṣe èyí, wọ́n á wá máa bú bínókúlà. Ẹ di ojú ọ̀tún, ẹ yí fókọ́ọ̀sì títí lẹ́tà ara síńbọ́ọ̀dù kan á fi yọ ketekete lójú òsì, ẹ wá di tòsì, kẹ́ ẹ fi ibi àtúnṣe ojú tún tọ̀tún ṣe (ibi tó wà máa ń yàtọ̀ síra, ẹ wo ìwé tó bá a wá). Tẹ́ ẹ bá ń lo awò ojú, ẹ yí rọ́bà ibi ojú yẹn wọlé pátápátá, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ẹ ṣì ń rí gbogbo àwòrán róbótó tó ń hàn nínú ẹ̀. Tí etí ẹ̀ bá ń gé, ẹ gbé e kalẹ̀, orúkọ yòówù tí ì báà jẹ́.

Ó yá, ìdánwò gangan. Agbe ló laró, àlùkò ló losùn, lékeléke ló lẹfun, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Lékeléke lèmi máa ń wá, torí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kò ṣòro rí, ẹ ṣáà tẹ̀ lé màlúù. Ẹ jẹ́ kó bà sórí igi tí ojú ọ̀run mọ́ lẹ́yìn ẹ̀. Ṣé ẹfun náà ṣì ni, àbí ó ti fẹ́ máa dà bí ògì bàbà? Ẹ wá wo etí ìyẹ́ ẹ̀ dáadáa, ẹ máa rí ìlà tín-ín-rín kan, àwọ̀ àlùkò lápá kan, àwọ̀ ewé lápá kejì, lẹ́ńsì ló ń dá a sílẹ̀, kì í ṣe ara ẹyẹ. Lẹ́ńsì yẹpẹrẹ, àárín gbùngbùn ló ti máa gbé ìlà yẹn jáde. Tàwọn olówó ńlá yìí, ẹ rọra yí i títí ẹyẹ á fi bọ́ sí etí róbótó, kẹ́ ẹ ṣọ́ ibi tí ìlà náà ti yọjú àti ibi tí ìyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Ibi tẹ́ ẹ ti máa yàn nìyẹn.

Bó ṣe ń rí fẹ̀ tó náà ń kọ́? Tẹ́ ẹ bá ń wo ibi tó jìnnà tó ẹgbẹ̀rún mítà, Zeiss yẹn ń fi ibi tó fẹ̀ tó mítà 130 hàn, CL Pocket 119, Curio 135. Ó lè dà bíi pé kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ẹ lọ sídìí ọ̀pẹ tí ẹ̀gà ti ń hun ìtẹ́, kẹ́ ẹ gbìyànjú láti tọ akọ kan ṣoṣo títí ẹ ó fi rí ẹyinjú ẹ̀ tó pupa, ẹ máa mọ̀ pé mítà mọ́kànlá kì í ṣe nǹkan kékeré.

Ti ìwúwo, Zeiss jẹ́ gíráàmù 290, Curio 250, CL Pocket bíi 350. Oríkèé kan ṣoṣo ni Zeiss ní, ẹ̀gbẹ́ ló sì wà, tẹ́ ẹ bá ti ṣí i ó ti dúró. Méjì làwọn tó kù ní, wọ́n ń ká sínú ju bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá ṣí i lẹ máa tún un tò, ẹyẹ ò sì ní dúró dè yín.

Inú igbó ni gbogbo wọn ti máa ń kọsẹ̀. Nínú igbó IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà n'Íbàdàn, ẹyẹ Ibadan malimbe tí kò sí níbòmíràn láyé àfi gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, dúdú ni, pupa wà lórí àti láyà ẹ̀, òun àtàwọn ìbátan ẹ̀ sì jọra, òkè igi lábẹ́ òjìji ewé ló sì máa ń wà. 8x25 lè fi pupa yẹn hàn yín, àmọ́ ibi tí pupa ti parí tí dúdú ti bẹ̀rẹ̀ ni wàhálà, ibẹ̀ sì lẹ ti máa mọ irú èyí tó jẹ́. Tó bá jẹ́ igbó lẹ ń lọ ṣáá, ẹ gbàgbé ti àpò, ẹ ra Swarovski CL Companion 8x30, 3.75 ni ìmọ́lẹ̀ tiẹ̀ fẹ̀ tó. Ti àpò dára fún ojú ọ̀nà, oko, etí òkun.

Ní tèmi, Zeiss ló wà nínú báàgì mi. Curio nìyàwó mi mú, ọwọ́ ẹ̀ kéré, ó sì ní tèmi ń yọ̀ lọ́wọ́ òun. Nígbà ọyẹ́, ẹ fẹ́ eruku kúrò lójú lẹ́ńsì kẹ́ ẹ tó nù ún, ẹ má fi etí ìró tàbí bùbá nù ún o, iyanrìn tó wà nínú eruku yẹn máa ha á.