Kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí kò tàn mọ́: àwọn àṣìṣe tó ń jẹ owó yín

Lẹ́yìn Ọjúde Ọba ni ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ìjẹ̀bú-Òde máa ń kún jù lọ. Àwọn ọmọ tó wálé ṣe Iléyá láti Èkó àti láti òkè òkun á rí kọ̀ǹpútà bàbá wọn ní kọ̀rọ̀ yàrá, eruku ti bò ó, wọ́n á tẹ bọ́tìnì rẹ̀, kò ní dáhùn. Kí àwọn régbérégbé, àwọn ẹgbẹ́ ọjọ́-orí Ìjẹ̀bú, tó ká aṣọ wọn sínú àpótí, ẹ̀rọ náà ti dé iwájú mi. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń bi mí: "Ẹnjiníà, ṣé ká tún un ṣe ni àbí ká ra òmíràn?" Èmi náà á bi wọ́n pé, "Kí ló ń ṣe é?" Wọn ò mọ̀. Bẹ́ẹ̀, púpọ̀ nínú wọn ti ná owó lé e lórí kí wọ́n tó gbé e wá. Ẹlòmíì ti ra ṣájà, ẹlòmíì ti ra RAM (ìrántí ìgbà díẹ̀ tí ẹ̀rọ fi ń ṣiṣẹ́), ẹlòmíì ti san àsansílẹ̀ fún tòkunbọ̀. Ẹ ò tíì mọ ohun tó kú, ẹ ti ń ra pósí. Ohun tó ń bí mi nínú nìyẹn, tí mo fi jókòó kọ èyí.

Ìkíní: Ẹ ń pe ẹ̀rọ ní òkú láì wo bí ó ṣe kú.

"Kò tàn" kì í ṣe àìsàn kan ṣoṣo. Ó lè jẹ́ pé ẹ tẹ bọ́tìnì tí ohunkóhun ò mira: kò síná, fáànù ò yí. Ó lè jẹ́ pé iná rẹ̀ tàn, fáànù ń yí, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ dúdú kirikiri. Ó sì lè jẹ́ pé àmì ilé iṣẹ́ tó ṣe é jáde, tó wá dúró síbẹ̀, tí kò wọ Windows. Mẹ́ta yìí kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Ti àkọ́kọ́, iná ni kí ẹ lọ wò: sọ́kẹ́ẹ̀tì, wáyà, ṣájà, ihò tí ṣájà ń wọ̀, tàbí pówà pákì, àpótí inú rẹ̀ tó ń pín iná, bó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà orí tábìlì. Ti ìkejì, RAM, ojú rẹ̀, tàbí bọ́ọ̀dù, pátákó inú rẹ̀ tí gbogbo ẹ̀yà so mọ́. Ti ìkẹta, ẹ̀rọ náà ò kú rárá; dísìkì rẹ̀ tàbí Windows ló ń ṣàìsàn, ìyẹn ò sì tó ohun tí èèyàn ń torí rẹ̀ ra kọ̀ǹpútà mìíràn. Bí ẹ bá ti lè sọ fún mi èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń ṣe tiyín, ẹ ti ṣe ìdajì iṣẹ́ náà fún mi lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún wo ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà orí tábìlì. Bọ́tìnì kékeré kan wà lára pówà pákì tí àwọn ọmọ máa ń tẹ̀ pa nígbà tí wọ́n bá ń gbálẹ̀.

Ìkejì: Ṣájà tó kàn ń wọ ihò.

Pé ẹnu ṣájà wọlé kò sọ pé òun ló ni ilé. Fóltì rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá èyí tí wọ́n kọ sábẹ́ láptọ́ọ̀pù mu. Fún ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù àtijọ́, 19 tàbí 19.5 ni. Ámpíà rẹ̀ lè tó tàbí kó jù ú lọ, kò gbọdọ̀ dín sí i. Dell àtijọ́ púpọ̀ ní abẹ́rẹ́ tín-ín-rín láàárín ẹnu ṣájà, òun ló ń sọ fún ẹ̀rọ irú ṣájà tó dé. Bí ẹ̀rọ náà ò bá dá a mọ̀, kò ní fi iná sí bátìrì, á sì máa rìn bí ìgbín. Ẹ ó wá ní bátìrì ló bàjẹ́, ẹ ó lọ ra bátìrì. Mo ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà.

Nípa jẹnẹrétọ̀ kékeré: bí epo bá ti ń tán lọ nínú rẹ̀, iná rẹ̀ á máa lọ sókè, á máa bọ̀ nílẹ̀. Ẹ yọ ṣájà kó tó di pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Bí NEPA bá sì mú iná lọ, ẹ yọ ọ́ náà, torí bí iná ṣe máa ń fi agbára wọlé nígbà tó bá dé ló ń pa pówà pákì.

Ìkẹta: Ẹ ra RAM tuntun, ẹ ò yọ ti àtijọ́ wò.

Ìyá kan tó ní ilé ẹ̀kọ́ aládàáni ní Ìjẹ̀bú-Igbó gbé kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì rẹ̀ wá. Fáànù ń yí, ojú rẹ̀ dúdú. Ẹni tó kọ́kọ́ wò ó ti sọ fún un pé bọ́ọ̀dù ti kú, ó sì ti fi owó sílẹ̀ fún òmíràn. Mo yọ RAM, mo fi írésà táwọn ọmọ ilé ìwé ń lò nu eyín rẹ̀ aláwọ̀ wúrà, mo fi aṣọ gbígbẹ nù ún, mo tún un kì bọ ihò títí tó fi dún "káà" lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Ó tàn. Òjò ti ń rọ̀ láti ọjọ́ yìí wá, ọ̀rinrin àti eruku sì ti mú eyín RAM náà dọ̀tí. Inú ìyá náà ò dùn. Ó bú sẹ́kún, torí owó tó fi sílẹ̀ kò ṣeé gbà padà, owó ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ olọ́mọ sì ni.

Ti láptọ́ọ̀pù: ẹ yọ ṣájà, ẹ yọ bátìrì bó bá ṣeé yọ, ẹ tẹ bọ́tìnì iná mọ́lẹ̀ fún 30 ìṣẹ́jú àáyá, kí ẹ tó fi ṣájà nìkan sí i padà. Kò ná yín ní kọ́bọ̀.

Bí ojú láptọ́ọ̀pù bá dúdú, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i lára ní òkùnkùn. Bí ẹ bá rí àwòrán fírífírí, iná ẹ̀yìn ojú rẹ̀ ló lọ, kì í ṣe ẹ̀mí rẹ̀.

Ìkẹrin: Bọ́ọ̀dù tí wọ́n "gbóná fún."

Èyí ló dùn mí jù, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ dáadáa.

Ẹ gbé láptọ́ọ̀pù fún ẹnì kan, ó ní bọ́ọ̀dù ló níṣòro, òun á ṣe é. Ohun tó ń ṣe kò ju pé ó fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ gbígbóná fẹ́ ooru sí orí chip tó tóbi jù lórí bọ́ọ̀dù náà. Ooru náà á so ibi tó ti já pọ̀ díẹ̀, ẹ̀rọ á tàn, inú yín á dùn, ẹ ó sanwó. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tó pààrọ̀. Bí ẹ ṣe ń tan kọ̀ǹpútà tó ń gbóná, tí ẹ ń pa á tó ń tutù, ibi tó ti já tẹ́lẹ̀ á tún já. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ kan, ó lè gba oṣù méjì. Ẹ ó tún gbé e padà, wọ́n á tún gbóná fún un, ẹ ó tún sanwó.

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì kan ní Ṣàgámù san irú owó yìí lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín oṣù mẹ́fà. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, mo bá a ka iye tó ti ná lórí ìwé, pẹ̀lú owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀. Ó ti ju iye tòkunbọ̀ tó dára ju ti ọwọ́ rẹ̀ lọ. Owó fẹ̀yìntì rẹ̀ ni. Bàbá yìí kọ́ ọmọ èèyàn fún ọgbọ̀n ọdún ó lé, kò sì sẹ́ni tó lè bi í léèrè pé, "Bàbá, kí ni wọ́n pààrọ̀ nínú rẹ̀?"

N kò sọ èyí bí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ọdún tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìdáǹdè lọ́wọ́ ọ̀gá mi, èmi náà gbóná fún bọ́ọ̀dù ọmọ kan tó ń kàwé ní yunifásítì ní Àgó-Ìwòyè. Mo sọ fún un pé ó ti dára. Ó kú mọ́ ọn lọ́wọ́ nígbà tó kù ọjọ́ méjì kó gbé iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ kalẹ̀. Mo dá owó rẹ̀ padà, mo sì jókòó ti dísìkì rẹ̀ mọ́jú kí iṣẹ́ rẹ̀ lè jáde. Ó jáde. Láti ọjọ́ náà, n kì í gba owó ooru lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Iṣẹ́ bọ́ọ̀dù tòótọ́ wà o. Kapásítọ̀ tó wú ní orí bí ẹni tó jẹun yó ṣeé yọ, kí wọ́n fi tuntun sí i. Ihò ṣájà tó mì ṣeé pààrọ̀. Àwọn nǹkan kéékèèké tó ń pín iná lórí bọ́ọ̀dù ṣeé pààrọ̀. Ìwọ̀nyí ń pẹ́. Nítorí náà ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe é: "Kí lẹ pààrọ̀? Ẹ jẹ́ kí n rí èyí tẹ́ ẹ yọ." Bó bá ní òun kàn gbóná fún un ni, ẹ gbé ẹ̀rọ yín kúrò. Ẹ sì béèrè iye oṣù tó lè fi ṣe onídùúró fún iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tí kò lè dúró fún oṣù kan péré mọ ohun tó ṣe.

Fáìlì kì í ṣe kọ̀ǹpútà.

Àwọn kan ń san owó ńlá láti jí ẹ̀rọ dìde nítorí fọ́tò ìyá wọn tó ti dolóògbé. Fọ́tò ò sí nínú bọ́ọ̀dù! Inú dísìkì ló wà. Ẹ yọ dísìkì, ẹ fi okùn tó ń sọ SATA (ẹnu tí dísìkì fi ń so mọ́ bọ́ọ̀dù) di USB so ó mọ́ kọ̀ǹpútà mìíràn, ẹ kó ẹrù yín. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá jókòó ro ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ, pẹ̀lú ọkàn tó balẹ̀. Àwọn láptọ́ọ̀pù tuntun kan wà tí wọ́n lẹ ibi ìfipamọ́ wọn mọ́ bọ́ọ̀dù, ìwọ̀nyẹn lọ́tọ̀.

Bí dísìkì bá ń dún kẹ́kẹ́kẹ́, ẹ pa á lójú ẹsẹ̀. Ẹ má tún un tàn láti gbìyànjú, ẹ má sì tú ìdérí rẹ̀. Gbogbo ìgbà tó bá tún yí ló ń họ ara rẹ̀.

Kí ẹ tó fi ẹ̀rọ sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, ẹ sọ ọ́ lójú rẹ̀, ẹ sì kọ ọ́ sórí ìwé: "Ẹ má fọ́ómáàtì." Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ìyẹn, pípa gbogbo ohun inú dísìkì rẹ́, ni oògùn kan ṣoṣo tí wọ́n ní. Bí ẹ bá sì ti tan BitLocker, àgádágodo tí Windows fi ń ti dísìkì, ẹ wá kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ tó ní nọ́ńbà 48 kí ẹ tó jẹ́ kí wọ́n pààrọ̀ bọ́ọ̀dù. Bọ́ọ̀dù tuntun á béèrè rẹ̀, àwa oníṣẹ́ ò sì lè hùmọ̀ rẹ̀ fún yín.

Ṣé ká wá tún un ṣe ni, àbí ká rà?

Ìlànà tèmi: bí owó àtúnṣe, pẹ̀lú owó ọkọ̀, bá ju ìdajì iye tí ẹ ó fi ra tòkunbọ̀ irú rẹ̀, ẹ jẹ́ kó lọ. Ẹ ka owó ọkọ̀ lóòótọ́. Mo mọ ẹni tó gbé e láti Ìjẹ̀bú-Òde dé Computer Village ní Ìkẹjà lẹ́ẹ̀mejì nítorí wáyà tó já.

Ẹ tún wo ọjọ́ orí rẹ̀. Microsoft ti dẹ́kun títi Windows 10 lẹ́yìn láti ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá, 2025. Windows 11 sì ń béèrè TPM 2.0 (ẹ̀yà ààbò kan nínú ẹ̀rọ), RAM 4GB, ibi ìfipamọ́ 64GB, àti, ní ti ọpọlọ kọ̀ǹpútà tí Intel ṣe, ìran kẹjọ sókè yàtọ̀ sí díẹ̀. Ẹ ka nọ́ńbà tó tẹ̀lé i5: i5-3320M, ìran kẹta ni, i5-8250U, ìran kẹjọ. Bí bọ́ọ̀dù ìran kẹta bá kú, ẹ má wá bọ́ọ̀dù fún un. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ dísìkì rẹ̀ nìkan ló lọ, tó sì jẹ́ pé ẹ kàn ń fi kọ lẹ́tà ẹgbẹ́ tàbí ṣírò owó ọjà, ẹ fi SSD, dísìkì tí kò ní ohun tó ń yí nínú, sí i, ẹ fi Linux Mint, ètò ọ̀fẹ́ tó ń ṣe iṣẹ́ Windows, sí i, á tún sìn yín.

Ohun kan wà tí wọn kì í ro. SSD oní-SATA tí ẹ rà fún ẹ̀rọ àtijọ́ lè bá yín lọ sínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ mìíràn lọ́la. RAM DDR3, irú ti ẹ̀rọ àtijọ́, ò lè bá yín lọ. Ihò DDR4, irú tó tẹ̀lé e, ò gbà á. Nítorí náà mo máa ń fọkàn balẹ̀ bá èèyàn ra SSD, mo sì máa ń lọ́ra lórí RAM àtijọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ ra tòkunbọ̀, ẹ má ra èyí tó ń béèrè pásíwọ́ọ̀dù kó tó wọ Windows, ẹ má sì ra èyí tí wọn ò jẹ́ kí ẹ yọ ṣájà rẹ̀ wò.

Èyí tó kú pátápátá ńkọ́? Ẹ má sun ún nínú ààtàn. Òjé wà nínú àwọn kan, èéfín rẹ̀ ò dáa fún ọmọdé. Ojú rẹ̀, RAM rẹ̀, ṣájà rẹ̀ ṣì ṣeé tà fún oníṣẹ́. Ẹ kàn yọ dísìkì kúrò nínú rẹ̀ kí ó tó kúrò nílé. Ní ọdún tó kọjá, ẹnì kan ra kọ̀ǹpútà mẹ́ta lọ́wọ́ àwọn tó ń ra irin àlòkù, ó sì gbé wọn wá kí n yọ èyí tó wúlò. Dísìkì wà nínú méjì. Ìwé owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ kan wà lórí ọ̀kan, pẹ̀lú nọ́ńbà àkáǹtì wọn. Mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ lójú ẹni tó gbé e wá, mo sì fi dírìlì lu dísìkì náà títí dé inú lọ́hùn-ún.