Ẹ fẹ́ ta mọ́tò yín? Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yín bá a lọ

2019 ni mo ta Corolla mi. Ẹni tó rà á pàdé mi ní South Gate FUTA l'Àkúrẹ́, owó wọlé, mo kó kọ́kọ́rọ́ fún un pẹ̀lú báàgì pátíkùlà, a bọ ara wa lọ́wọ́, ó wa mọ́tò lọ, èmi náà wọ ọ̀kadà lọ sílé. Lójú tèmi, ó ti parí. Bí oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn ẹ̀ ni fóònù dún, ọlọ́pàá ló ń pè láti ìlú kan tí mi ò dé rí, wọ́n ní mọ́tò mi gbá ẹnì kan, ó sì sá lọ. Mọ́tò mi kẹ̀? Mo ti tà á! Wọ́n ní ìyẹn ò kan àwọn, orúkọ tó wà lábẹ́ nọ́ńbà ojú mọ́tò, AKR yẹn, làwọn rí, kí n máa bọ̀ wá ṣàlàyé. Ohun tó yọ mí ò ju bébà kan tá a jọ fọwọ́ sí lọ́jọ́ yẹn àti fọ́tò NIN ẹ̀ tí mo yà sórí fóònù. Látìgbà náà, kò sẹ́ni tó fẹ́ ta mọ́tò ládùúgbò wa tí kì í wá bá mi. Èmi kì í ṣe lọ́yà o, ìyà ló kọ́ mi.

Ẹ jẹ́ n sọ ibi tọ́rọ̀ wà gan-an. Ẹ̀ẹ̀mejì lèèyàn ń ta mọ́tò. Tàkọ́kọ́ ni tẹ̀yin àti ẹni tó ń rà á, ìyẹn parí tówó bá ti wọlé tẹ́ ẹ sì gbé kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Ìkejì ni ti inú kọ̀ǹpútà ìjọba, níbi tí orúkọ yín, fóònù yín àti àdírẹ́sì yín wà, ìyẹn ò sì ní parí àfi tí wọ́n bá ṣe change of ownership, ìyẹn kí wọ́n yí orúkọ yín padà sí tẹni tó rà á. Tí Road Safety bá tẹ nọ́ńbà yẹn, ẹ̀yin ló máa gbé jáde. Tí ẹni tó rà á bá gbé e lọ sí Èkó, tí kámẹ́rà ojú títì ká a mọ́ ibi tó ti ń já iná pupa, ọ̀dọ̀ yín ni fáìnì ń bọ̀. Ká má tíì wá sọ ti àwọn tó ń fi mọ́tò jalè.

Kẹ́ ẹ tó gbé fọ́tò ẹ̀ sórí status rárá, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé ṣé ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti tà á. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Agboolé tí Peugeot bàbá tó ti dolóògbé jókòó sí pọ̀ l'Àkúrẹ́ yìí àti l'Òǹdó, taya ti lẹ̀ mọ́lẹ̀, adìẹ ti ń yé ẹyin sábẹ́ ẹ̀, àkọ́bí á wá dìde lọ́jọ́ kan pé òun fẹ́ tà á. Orúkọ bàbá ló wà nínú ìwé o, bàbá ò sì sí mọ́. Tí bàbá ò bá ṣe ìwé ìhágún, letter of administration, ìyẹn ìwé àṣẹ láti bójú tó ogún, ni ẹ máa lọ gbà ní probate ní kóòtù gíga, àwọn tí orúkọ wọn bá wà níbẹ̀ ló láṣẹ àtità, àkọ́bí tàbí àbígbẹ̀yìn. Òfin títa ọjà tí òyìnbó ṣe ní 1893, tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà àtijọ́ náà fi ṣe tiwọn, sọ ọ́ kedere pé ẹni tó ń ta nǹkan gbọ́dọ̀ ní ẹ̀tọ́ láti tà á. Tí wọ́n bá padà gba mọ́tò yẹn lọ́wọ́ ẹni tó rà á torí pé kì í ṣe tẹni tó tà á, gbogbo owó lẹ máa dá padà, kódà kó ti fi gbafẹ́ fún oṣù mélòó kan.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọba Alágbàká tẹ́ ẹ fowó kọpuréétì (ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù) ra mọ́tò, tí ìwé ẹ̀ sì ṣì wà lọ́dọ̀ wọn, ẹ san gbèsè tán, ẹ gba lẹ́tà pé ẹ ti san tán, kẹ́ ẹ tó wá oníbàárà. Ẹ tún yẹ nọ́ńbà ṣáásí wò (17 ni, àti lẹ́tà àti nọ́ńbà) bóyá ó bá ti inú ìwé mu, pàápàá nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì, torí pé ọ̀pọ̀ wa ló ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì sí tòkunbọ̀ tá ò sì ranti lọ tún ìwé ṣe. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá dá ẹni tó rà á dúró lọ́nà Ọ̀wọ̀, wọ́n á ní olè ni. Rìsíìtì ẹ́ńjìnnì yẹn, ẹ wá a jáde. Ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù náà, tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ gbé e wọlé.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ẹnu, ibẹ̀ gan-an ló ń kó báni jù.

Ẹ gbọ́ o, òfin ò wo ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ta mọ́tò kan ṣoṣo bó ṣe ń wo ẹni tó fi títa mọ́tò ṣiṣẹ́ ṣe. Dílà tó to mọ́tò sójú títì, òfin retí kí ọjà ẹ̀ dáa dé àyè kan. Ẹ̀yin, wọn ò retí ẹ̀, ẹni tó ń rà ló máa la ojú ẹ̀, kó mú mẹkáníìkì ẹ̀ wá. Àmọ́ ohun tẹ́ ẹ bá fẹnu ara yín sọ, ó ti dè yín nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá ní 2008 ni, kó jẹ́ 2008. Tẹ́ ẹ bá ní fọ́ọ̀sì bọ́dì ni, kí páńẹ́bítà má ti fọwọ́ kàn án rí. Tẹ́ ẹ bá ní gíà ẹ̀ ò lẹ́bi, tó sì jẹ́ pé àárọ̀ kùtù lẹ ní kó wá wò ó torí ẹ mọ̀ pé tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná ló ń tàkìtì, ẹ ti purọ́ nìyẹn, ó sì lè pè yín lẹ́jọ́ kó gbowó ẹ̀. Àwọn kan á ní kí rewáyà pa iná check engine, àwọn kan á yí mítà padà láti 240,000 sí 90,000. Èyí tiẹ̀ kọjá kí wọ́n gbowó lọ́wọ́ yín nìkan, ẹni tó bá fi irọ́ gbowó lọ́wọ́ èèyàn, òfin jìbìtì 2006 ní kò gbọ́dọ̀ dín ní ọdún 7 lẹ́wọ̀n, ó sì lè tó 20, kò sí pé ẹ fẹ́ san fáìnì. Torí mítà!

Ohun tí èjẹ́ńtì yín bá sì sọ lórúkọ yín, ẹ̀yin lẹ sọ ọ́. Kẹ́ ẹ tó gbé mọ́tò lé ẹnì kan lọ́wọ́ pé kó bá yín tà á, ẹ kọ ohun tó wà lára mọ́tò fún un, kó má lọ fi orí ara ẹ̀ polówó.

Nígbà tí mo ń ta tèmi, mo kọ gbogbo àìsàn ẹ̀ sínú àgírímẹ́ǹtì: AC kì í tutù lọ́sàn-án, wọ́n ti kun fẹ́ńdà òsì, ó ń jẹ ọ́ìlì díẹ̀. Bọ̀dá yẹn gé owó lójú ẹsẹ̀, inú bí mi gan-an. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ẹ̀ ló pè mí pé ẹ̀gbọ́n, AC yìí ò tutù o. Mo ní ẹ wo ìlà kẹta. Kò pè mọ́. Àwọn lọ́yà máa ń kọ "as seen and tested" sí i, pé ó ti wò ó, ó ti tẹ́ẹ̀sì ẹ̀ kó tó rà á, ẹ kọ ọ́, ó dáa, àmọ́ kò lè bo irọ́ mọ́lẹ̀.

Tó bá fẹ́ tẹ́ẹ̀sì mọ́tò, ẹ wo láísẹ́ńsì ẹ̀ kẹ́ ẹ tó fún un ní kọ́kọ́rọ́, kẹ́ ẹ sì jókòó tì í. Mọ́tò yín ṣì ni, tó bá gbá ẹnì kan lójú Ọba Adésidà, ẹ̀yin náà wà níbẹ̀. Ìnṣọ́ránsì yín ò gbọ́dọ̀ tíì kú, third party tó jẹ́ ₦15,000 láti 2023 yẹn, ẹ sì lè yẹ̀ ẹ́ wò lórí NIID, ibi tí wọ́n kó àkọsílẹ̀ ìnṣọ́ránsì mọ́tò sí, pé kì í ṣe ayédèrú.

Ọjọ́ títà. Àgírímẹ́ǹtì ò ní kó gùn, àmọ́ kó ní orúkọ àti àdírẹ́sì ẹ̀yin méjèèjì, irú mọ́tò, ọdún ẹ̀, nọ́ńbà, ṣáásí, ẹ́ńjìnnì, iye owó, àwọn àìsàn tẹ́ ẹ ti jẹ́wọ́ ẹ̀, iye ìwé tẹ́ ẹ kó fún un, ẹlẹ́rìí ọ̀tún òsì, déètì, àti AAGO. Aago yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kọ. Tẹ́ ẹ bá gbé kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ ní aago méjì ọ̀sán, tó lọ kọlu nǹkan ní aago mẹ́rin ọjọ́ kan náà, kí lẹ fẹ́ fi hàn? Ẹ ya fọ́tò ìwé ìdánimọ̀ ẹ̀, ẹ ya òun náà pẹ̀lú mọ́tò, kó mọ̀ pé ẹ ń yà á. Ẹni tó bá kọ̀ kí wọ́n ya òun, ẹ má tà fún un.

Owó: ẹ má wo alẹ́ẹ̀tì, ayédèrú ẹ̀ pọ̀ nílùú, inú app báńkì yín ni kẹ́ ẹ ti wo balance. Tí mọ́tò bá sì ju mílíọ̀nù 5 lọ, ẹ má gba kéèṣì, òfin 2022 lórí owó àìmọ́ kọ̀ ọ́ pé kí èèyàn san tàbí gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ láìgba báńkì kọjá.

Ẹ wá jẹ́ ká lọ sí change of ownership. Wọ́n á ní ẹni tó rà á ló ń ṣe é, òótọ́ ni, òun ló ń san owó ẹ̀, àmọ́ tani ìyà máa jẹ tí ò bá ṣe é? Ẹ kọ ọ́ sínú àgírímẹ́ǹtì pé láàárín ọjọ́ 14 ló máa ṣe é. Èmi, ká ní mo tún fẹ́ tà lónìí, èmi àti ẹni tó rà á la jọ máa lọ sí ọ́fíìsì láísẹ́ńsì, kí n rí orúkọ ẹ̀ lójú ìwé kí n tó lọ. Tó bá ń fi dọ́la fọ̀la títí ọjọ́ fi kọjá, ẹ lọ búra ní kóòtù pé ẹ ti ta mọ́tò, fún tani, lọ́jọ́ wo. Ẹ fún ọ́fíìsì láísẹ́ńsì ní ẹ̀dà kan pẹ̀lú fọ́tókópì àgírímẹ́ǹtì, ẹ fún ọlọ́pàá àdúgbò yín náà ní kan, kí wọ́n sì bá yín lu òǹtẹ̀ sí èyí tẹ́ ẹ máa mú dání lọ sílé. Ẹ sọ fún ìnṣọ́ránsì yín náà, torí kì í bá mọ́tò lọ bẹ́ẹ̀, ẹni tó rà á gbọ́dọ̀ gba tiẹ̀ lórúkọ ara ẹ̀.

Sítíkà ibi iṣẹ́ yín, ti ẹ́sítéètì, ti ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ ha gbogbo ẹ̀ kúrò lójú gíláàsì. Ẹnì kan tí mo mọ̀ gbàgbé ti ibi iṣẹ́ ẹ̀ síbẹ̀, ẹni tó rà á ń fi wọlé ibi tí wọn ò pè é.

Àgírímẹ́ǹtì yẹn, ẹ má jù ú nù o, ẹ má sì fi sílẹ̀ sórí fóònù nìkan. Tèmi ti 2019 yẹn ṣì wà nínú Bíbélì ńlá màmá mi, òun gan-an ni wọ́n lọ bá mi mú lọ́jọ́ tí ọlọ́pàá pè.