Oje ewé pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ nínú ike? Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ rèé

Pípa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ nínú ike láàbù kì í ṣe iṣẹ́ ńlá. Ọtí líle á pa á, híípò tí a fi ń fọ aṣọ funfun á pa á. Bí o bá fẹ́ dán oje ewúro tàbí orógbó wò, àwọn ibi tí ẹsẹ̀ ti sábà máa ń yọ̀ nìyí.

Má ra ewé lọ́jà kí o kàn kọ orúkọ tí ẹlẹ́wé-ọmọ pè é sínú ìwé. Ewé tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ ní Ìjẹ̀bú lè yàtọ̀ sí èyí tó ń jẹ́ orúkọ kan náà ní Èkìtì. Mú ẹ̀ka rẹ̀, tòun ti òdòdó bó bá ní, lọ sí Forest Herbarium ní Ìbàdàn kí wọ́n dá a mọ̀, kí wọ́n sì fún un ní nọ́ńbà.

Àwọn kan á da oje títí dé 1,000 máíkírógíráàmù nínú mìlílítà kan, wọ́n á ní ó ṣiṣẹ́. Kí ni kò ní ṣiṣẹ́ níbẹ̀? Ohun tí ọ̀pọ̀ láàbù ń tẹ̀ lé fún ògidì oje ewé ni pé kó lè pa ìdajì sẹ́ẹ̀lì ní máíkírógíráàmù 20 tàbí 30 nínú mìlílítà kan, ó pọ̀ tán. Fi sẹ́ẹ̀lì tí kò ní jẹjẹrẹ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú: bí méjèèjì bá jọ kú, májèlé lo rí.

DMSO, kẹ́míkà olómi tí a fi ń yọ́ oje náà, ń pa sẹ́ẹ̀lì. Kó má kọjá ìdá 0.5 nínú ọgọ́rùn-ún, kí iye kan náà sì wà nínú ihò ike tí a kò fi oje sí.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti MTT, ohun tí a fi ń mọ iye sẹ́ẹ̀lì tó ṣì yè, torí ó ń tan àwọn tó mọṣẹ́ pàápàá. Ìyẹ̀fun aláwọ̀ ìyeyè ni; sẹ́ẹ̀lì tó wà láàyè ló ń sọ ọ́ di elése àlùkò, ẹ̀rọ á sì ka àwọ̀ náà ní 570 nánómítà. Àmọ́ oje tí polyphenol (irú èròjà kan inú ewé) tàbí fítámì C pọ̀ nínú rẹ̀ lè sọ ọ́ di elése àlùkò láìsí sẹ́ẹ̀lì kankan níbẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì ti kú tán, ẹ̀rọ ń sọ pé ó yè. Ya ihò bíi mẹ́ta sọ́tọ̀ fún oje àti MTT nìkan. Bí àwọ̀ ibẹ̀ bá yí padà, fọ oje kúrò lára sẹ́ẹ̀lì kí o tó da MTT sí i, tàbí kí o lo trypan blue, aró tó ń wọ inú sẹ́ẹ̀lì tó ti kú, kí o fojú ara rẹ kà wọ́n lábẹ́ máíkírósíkópù.

Má gba sẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ láìyẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi lo sẹ́ẹ̀lì kan tó ń jẹ́ MDA-MB-435 bíi jẹjẹrẹ ọmú kí àyẹ̀wò jíìnì tó fi hàn pé jẹjẹrẹ awọ ara ni. HeLa, sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tí wọ́n mú lára obìnrin kan, Henrietta Lacks, ní Baltimore ní Amẹ́ríkà ní 1951, ti yọ́ wọ inú ìgò àìmọye sẹ́ẹ̀lì mìíràn, ó sì gba ilé mọ́ wọn lọ́wọ́.

Má sì fo láti inú ike bọ́ sára ènìyàn. Curcumin inú ata ilẹ̀ pupa pa sẹ́ẹ̀lì láàbù láìmọye ìgbà. Nígbà tí àwọn onímọ̀ kẹ́míkà tú iṣẹ́ náà wò ní 2017, àyẹ̀wò lára ènìyàn ti lé ní 120, síbẹ̀ wọn ò rí ẹyọ kan tó yege lára àwọn tí dókítà àti aláìsàn kò ti mọ ẹni tó gba oògùn gidi. Ìfun kì í fi bẹ́ẹ̀ gbà á sínú ẹ̀jẹ̀. Bí o bá ń kọ àbájáde rẹ, "sẹ́ẹ̀lì inú ike" ni kí o kọ, má kọ "ó ń wo jẹjẹrẹ", torí ẹni tó ní kókó lọ́mú lè kà á kó má lọ sí ọsibítù mọ́.