Irun àbọ̀-jinná mi àti ₦11,000 tí mo fi ra èéfín

₦6,500 ni èmi àti onídìrí jọ dúnàá-dúrà lé lórí kí n tó jókòó. Nígbà tó ṣe tán, ó ní irun mi le, ó jẹ epo jẹnẹrétọ̀, owó ti di ₦11,000. Mo sanwó, mo tún dúpẹ́. Ọjọ́ kẹta ni irun ìpàkọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í bá òòyà lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú irun tí mo ní, torí ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Mo máa ń fi rílásà, ìpara tó ń na irun, sí i, ṣùgbọ́n n kì í jẹ́ kó jinná tán. N óò po òróró ólífì díẹ̀ mọ́ rílásà náà, n óò sì fọ̀ ọ́ kúrò kí àsìkò tí wọ́n kọ sára ike rẹ̀ tó pé. Irun á rọ̀, ṣùgbọ́n kò ní lẹ̀ mọ́ orí bí ewé tí òjò pa. Láyé tí mo ń jẹ́ kó jinná délẹ̀délẹ̀, ẹ̀gbẹ́ etí mi méjèèjì ló pá.

Ní Èkìtì tí a mọ iyán jẹ yìí, iṣu tí kò bá jinná, kókó ló máa kún inú odó. Ojú yẹn gan-an ni àwọn onídìrí fi ń wo orí mi. Èyí tí mo lọ bá ní Àjílòsun fọwọ́ gbo irun náà báyìí, ó kanra mọ́ ọn: “Àǹtí, ta ló bá yín ṣe eléyìí? Kò jinná o! Ẹ jẹ́ kí n tún un ṣe láti ìdí dé ṣóńṣó.” Mo kọ̀. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù nìkan ló yẹ kí rílásà tún kàn. Bí ẹ bá tún fi kan èyí tó ti gbà á tẹ́lẹ̀, ẹ ń wá jíjá irun ni. Mo ní kó ṣáà fọ̀ ọ́, kó gbẹ ẹ́, kó fi áyọ́ọ̀nù ìnarun nà án. Ó dijú mọ́rí.

Ó fọ̀ ọ́ dáadáa, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Abẹ́ dráyà ni mo wà tí iná lọ. Ó tan jẹnẹrétọ̀, epo tán láìpẹ́. Oníbàárà mẹ́ta ń dúró, ojú ti ń kán an. Bí iná ṣe dé, kò dá mi padà sábẹ́ dráyà mọ́, ó ki áyọ́ọ̀nù bọ irun tó ṣì tutù nídìí. Mo gbọ́ “ṣáàà!” bí ìgbà tí omi ta sínú epo gbígbóná. Èéfín gba gbogbo ìsọ̀. Mo ní ṣé kò jóná báyìí? Ó ní ìpara ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìpara kọ́ o. Omi inú fọ́nrán irun ló ń hó, tó ń di ooru, tó sì ń wú irun náà láti inú wá. Irun tó bá ti wú báyẹn, kò sí òróró tó lè wò ó sàn. Yóò já ni.

Ìgbéyàwó àbúrò mi ní Ìkẹ́rẹ́ ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo ní kò sẹ́ni tó tún máa fọwọ́ kan orí mi.

Mo gé ṣóńṣó tó ti là, mo fọ̀ ọ́, mo fi ìpara tó ń mú irun rọ̀ sí i, mo ṣàn án. Ìyẹn ò le. Gbígbẹ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ mí di wèrè. Ọjọ́ Sátidé ni, nínú oṣù keje, òjò ń wọ́n wìnnìwìnnì, kò síná. Bí mo bá fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù á ká kò. Ìyá mi ń wò mí láti ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ní, “Ṣé ilé-ìwé ni wọ́n ti kọ́ ọ pé iná nìkan ló ń na irun?” Wọ́n mú òwú dúdú jáde, wọ́n sì kó irun náà láti ìdí dé orí, bí wọ́n ṣe máa ń kó o nígbà tí mo wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dẹ ọwọ́ níwájú orí, torí òwú tó bá le jù ń fa irun tu. Wọ́n ní mo ti di òyìnbó.

Aago mẹ́wàá àárọ̀ nìyẹn. Ní ìrọ̀lẹ́, ó ṣì tutù. Mo tú ẹyọ kan, mo fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́: bó bá tutù lẹ́rẹ̀kẹ́, omi ṣì wà níbẹ̀, ohun yòówù tí ọwọ́ lè máa sọ. Mo lọ jókòó ti sítóòfù, ìyá mi lé mi kúrò. Alẹ́ lẹ́, ó ku díẹ̀. Mo fi orí tó dà bí ẹ̀gún sùn.

Nǹkan bí aago kan òru ni iná dé. Mo fò dìde. Irun ti gbẹ, ó sì ti nà sílẹ̀ gbọọrọ, láìrí iná rárá! Mo mú áyọ́ọ̀nù tí mo rà ní Ọjà Ọba lẹ́yìn tí mo ti yí ọjà náà po, torí èyí tó ní nọ́ńbà ìwọ̀n ooru ni mo ń wá, kì í ṣe èyí tí iná pupa nìkan ń tàn lára rẹ̀. Mo gbé e sí 160°C. Mo fi ìpara tó ń gba irun lọ́wọ́ ooru sí i, mo dúró kó gbẹ, mo pín irun wẹ́wẹ́, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo fà á lórí ìpín kọ̀ọ̀kan. Kò sí “ṣáàà”, kò sí èéfín. Ní aago méjì òru, mo wà níwájú díńgí, mò ń gbọn orí bí ẹṣin Ọba. Ìyá mi ní kí n lọ sùn.

Mo ń fi ìborùn sílíkì wé e lálẹ́, mo ń dé fìlà ọ̀rá bí mo bá fẹ́ wẹ̀, òrí díẹ̀ ní ṣóńṣó rẹ̀ nìkan. Nígbà tí òógùn mú kí ìdí rẹ̀ ká lọ́jọ́ kẹrin, áyọ́ọ̀nù wù mí í gbé, mo sì kó o ní òwú dípò rẹ̀. Bí n bá ní kí n tún ọjọ́ yẹn ṣe, ìgbà tí iná lọ ní ìsọ̀ yẹn ni n bá ti dìde, n bá fi ìborùn wé orí tútù lọ sílé, kí wọ́n máa bú mi bọ̀.

A ti ṣe ìgbéyàwó, àwọn ẹbí ọkọ ń béèrè onídìrí mi. Irun ìpàkọ́ yẹn ò tíì ju ìka lọ, gèlè ni mo fi bò ó. Lánàá, onídìrí Àjílòsun pè mí: “Àǹtí, ẹ ti pa wá tì o, ìgbà wo lẹ ń bọ̀?” Mo ní mo ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo bu òrí sọ́wọ́.