Bí Ẹ Ṣe Lè Gbá Géèmù Cave Story Dé Òpin Láìfi Ìbínú Pa Kọ̀ǹpútà Dé

Ọjọ́ 20 oṣù Kejìlá ọdún 2004 ni Daisuke Amaya, ọmọ orílẹ̀-èdè Japan tí àwọn olólùfẹ́ géèmù mọ̀ sí Pixel, gbé géèmù kan tí ó dá nìkan ṣe jáde láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nǹkan bí ọdún márùn-ún ni ó fi ṣe é: òun ni ó kọ ètò rẹ̀, òun ni ó ya àwòrán rẹ̀, òun náà ni ó sì ṣe gbogbo orin inú rẹ̀. Dōkutsu Monogatari ni ó pè é ní èdè tirẹ̀, ṣùgbọ́n Cave Story ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ọ́n sí. Nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ń figagbága lórí àwòrán tí ó jọ ojúlówó, Amaya mọ̀ọ́mọ̀ padà sí irú àwòrán wẹ́wẹ́ àti orin tín-ín-rín tí a máa ń rí lórí ẹ̀rọ Nintendo àtijọ́. Fífò, yíyìnbọn àti wíwá ọ̀nà kiri inú ihò àpáta ni gbogbo iṣẹ́ tí ó wà níbẹ̀.

Mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún ẹni tí kò tíì fọwọ́ kan géèmù náà rí, àti fún ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ tí ó sì pa á tì ní ìdajì ọ̀nà. N kò ní mú yín lọ́wọ́ láti yàrá kan bọ́ sí èkejì, nítorí pé wíwá ọ̀nà fúnra ẹni ni adùn rẹ̀, ẹni tí ó bá sì gba ìyẹn lọ́wọ́ yín kò fi nǹkan kan sílẹ̀ fún yín. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni bí ẹ ó ṣe múra sílẹ̀, bí ìbọn inú rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́, àti àwọn ibi tí ìpinnu kékeré kan ti ń ti ilẹ̀kùn ńlá mọ́ olùtayò láìsọ fún un. Kí n tó lè sọ wọn, mo ní láti tú díẹ̀ nínú àṣírí ìtàn náà. Ẹni tí kò bá fẹ́ gbọ́ ọ lè dá ìwé kíkà dúró nígbà tí mo bá dé orí ibi kan nínú géèmù náà tí ń jẹ́ Sand Zone.

Ẹ kọ́kọ́ yan irú Cave Story tí ẹ fẹ́ gbá. Cave Story+ tí ilé-iṣẹ́ Nicalis gbé sórí Steam, ojúlé tí a ti ń ra géèmù, ní ọdún 2011, tí ó sì dé orí Nintendo Switch ní ọdún 2017, owó ni wọ́n ń fi rà á. Ti àtètèkọ́ṣe tí Amaya fi tọrẹ ṣì wà lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn ẹgbẹ́ Aeon Genesis sì ti túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì. Èyí tí ó jẹ́ ọ̀fẹ́ ni mo máa ń gba ènìyàn níyànjú láti fi bẹ̀rẹ̀, nítorí pé kì í jẹ dátà, kì í sì í wúwo fún kọ̀ǹpútà tí ó ti dàgbà. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbà á sílẹ̀, ẹ tú u sínú fódà tirẹ̀ kí ẹ tó ṣí i, ẹ má ṣe gbá a láti inú fáìlì tí wọ́n dì í sí. Nínú fódà náà ni ẹ ó ti rí DoConfig, èyí tí a fi ń mú ojú géèmù tóbi, tí a sì fi ń yan bọ́tìnnì fún páàdì, ohun tí a ń dì mú lọ́wọ́ méjèèjì fi gbá géèmù.

Tí ẹ bá ní páàdì, ẹ lò ó. Lórí kíbọ́ọ̀dù, àwọn bọ́tìnnì ọlọ́fà ni a fi ń rìn, Z ni a fi ń fò, X ni a fi ń yìnbọn, A àti S ni a fi ń pààrọ̀ ìbọn, Q ni a fi ń wo ẹrù tí ó wà lọ́wọ́, W sì ni a fi ń wo àwòrán ilẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti rí i ní abúlé. Ètò náà dára, àmọ́ ọ̀pọ̀ kíbọ́ọ̀dù olówó pọ́ọ́kú kì í gbọ́ bọ́tìnnì mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ó fẹ́ fò sí apá òsì kí ẹ sì yìnbọn sókè, fífò náà kò ní ṣẹlẹ̀, ẹ ó sì rò pé ọwọ́ yín ni kò yá. Ó yẹ kí ẹ tún mọ̀ pé bí ẹ bá ṣe tẹ Z pẹ́ tó ni ẹ ó ṣe fò ga tó, àti pé ẹ lè yí ọ̀nà padà nígbà tí ẹ ṣì wà lófuurufú. Ẹ fi yàrá àkọ́kọ́ kọ́ èyí dáadáa kí ẹ tó jáde.

Yàrá àkọ́kọ́ náà fi irú géèmù tí èyí jẹ́ hàn. Ọmọkùnrin kan tí kò rántí ẹni tí òun jẹ́ jí nínú ihò, kò sì sí ẹni tí ó bá a sọ̀rọ̀. Ààmì ẹ̀mí mẹ́ta péré ni ó ní. Ó jáde sínú First Cave láìsí ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀, àdán ń fò lókè, ẹ̀gún irin sì wà nísàlẹ̀ tí ẹni tí ó bá jábọ́ sí kò ní dìde mọ́. Bí ó ṣe ń lọ síwájú, àwọn òkúta kan dí ọ̀nà mọ́ ọn. Ó di dandan kí ó wá ilé alágbẹ̀dẹ ìbọn tí ó ń sùn, kí ó sì mú ìbọn Polar Star nínú àpótí rẹ̀ nígbà tí ẹni ẹlẹ́ni ń hanrun. Ọ̀rọ̀ tí a fi ṣàlàyé gbogbo èyí kò tó ìlà kan. Ibi tí wọ́n gbé òkúta sí, ibi tí wọ́n gbé ẹ̀gún sí àti ọ̀nà kan ṣoṣo tí ó ṣí sílẹ̀ ni wọ́n fi ń kọ́ yín ní ohun tí ẹ ó ṣe, ọ̀pọ̀ géèmù olówó gọbọi kò sì tíì mọ̀ ọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ títí di òní. (Ẹ fi jíjí tí a jí ìbọn náà sọ́kàn, a ó padà bá olóhun.)

Ìbọn ni ọkàn gbogbo eré náà, bí ó sì ṣe ń dùn náà ni ó ṣe ń múni bínú. Ọ̀tá tí ẹ bá pa máa ń ju igun mẹ́ta aláwọ̀ ìyeyè sílẹ̀. Ìbọn tí ó bá wà lọ́wọ́ yín nígbà tí ẹ ṣà á ni ó ń jẹ ẹ́, títí yóò fi kúrò ní ipò kìíní dé ipò kẹta. Bí ọ̀tá bá sì gbá yín, ìbọn tí ó wà lọ́wọ́ yín náà ni yóò pàdánù agbára. Ìyà wá di oníbejì: ẹni tí ìjà ń le fún ni ìbọn rẹ̀ ń rẹ̀ sílẹ̀, bí ìbọn bá sì ti rẹ̀, ìjà yóò túbọ̀ le. Ohun tí ẹ ó ṣe sí i nìyí. Ẹ má ṣe wọlé tọ ọ̀tá ńlá lọ láìgbé ìbọn yín dé ipò kẹta; bí ẹ bá jáde kúrò nínú yàrá kan tí ẹ sì padà wọlé, àwọn ọ̀tá kéékèèké ibẹ̀ sábà máa ń jí dìde, ẹ sì lè fi wọ́n bọ́ ìbọn yín. Bí ẹ bá rí i pé kò sí bí ẹ ó ṣe yẹra fún ìgbájú kan, ẹ yára pààrọ̀ sí ìbọn tí ẹ kò kà sí, kí òun gba ìyà náà. Ẹ sì yára ṣa igun mẹ́ta náà, nítorí pé kì í pẹ́ nílẹ̀ kí ó tó pòórá. Ìbọn kan wà tí ó yí òfin yìí po: Nemesis, èyí tí a ń gbà nípa pípààrọ̀ idà. Ipò kìíní ni ó ti lágbára jù, tí ó bá sì dé ipò kẹta, ọmọ pẹ́pẹ́yẹ oníke ni yóò máa yìn jáde. Amaya mọ àwàdà.

Láti Mimiga Village, abúlé àwọn ẹ̀dá tí wọ́n jọ ehoro, ni ẹ ó ti máa gba inú ẹ̀rọ kan tí ó wà nílé Arthur lọ sí ibòmíràn. Egg Corridor rọrùn. Grasstown ni ibi tí ó máa ń sú ọ̀pọ̀ ènìyàn, mo sì gbà pé òun ni ó kù díẹ̀ káàtó jù nínú géèmù náà, torí pé lílọ-bíbọ̀ ibẹ̀ pọ̀ ju ohun tí a ń rí gbà lọ. Ohun mẹ́ta ni ẹ ó wá fún róbọ́ọ̀tì kan tí ń jẹ́ Malco kí ó tó lè ṣe bọ́m̀bù: omi ara jellyfish, èédú àti gum base. Bí ẹ bá ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣáájú, ẹ bá gbogbo ẹni tí ẹ bá rí sọ̀rọ̀, kí ẹ má sì jáde nínú ilé kankan láìyẹ àrò ibẹ̀ wò.

Sand Zone ni ìpinnu àkọ́kọ́ wà. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti bá Curly Brace, ọmọbìnrin róbọ́ọ̀tì kan, jà, yóò fẹ́ kí ẹ fún òun ní Polar Star kí òun sì fún yín ní Machine Gun. Machine Gun náà dára púpọ̀; tí ó bá dé ipò kẹta, tí ẹ sì ń yìn ín sílẹ̀, yóò máa gbé yín lọ sókè. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi Polar Star tọrẹ kò ní rí Spur, ìbọn tí ó wù mí jù nínú gbogbo wọn. Olóhun tí a jí ìbọn rẹ̀ ní First Cave ni ó ń ṣe é, tí a bá gbé Polar Star padà lọ bá a nígbà tí eré bá ti ń parí lọ. Ẹ̀tàn kejì wà nínú Labyrinth, níbi tí wọ́n ti ń fi ìbọn Snake gba Polar Star pẹ̀lú ìbọn Fireball. Ẹ kọ̀ fún àwọn méjèèjì. Ní Sand Zone yìí kan náà, ẹ ó wá ajá márùn-ún fún ìyá àgbà kan tí ń jẹ́ Jenka, ẹyọ kan ṣoṣo ni ẹ sì lè gbé lẹ́ẹ̀kan. Kò sí ọ̀nà àbùjá kankan.

Kí ẹ tó dé Labyrinth, ẹ ṣe ohun kan tí kò sí nínú géèmù náà. Fáìlì kan ṣoṣo tí ń jẹ́ Profile.dat ni géèmù ọ̀fẹ́ náà ń fi ibi tí ẹ dé pamọ́ sí, ìfipamọ́ tuntun sì máa ń pa ti àtijọ́ rẹ́. Ẹ pa géèmù náà dé, ẹ ṣe ẹ̀dà Profile.dat sínú fódà mìíràn, kí ẹ sì fi orúkọ ibi tí ẹ wà sọ ọ́. Ẹ tún un ṣe ní gbogbo ibi tí ìpinnu bá wà. Ọgbọ́n yìí nìkan ni yóò gbà yín lọ́wọ́ ohun tí ó burú jù nínú iṣẹ́ Amaya.

Ohun náà nìyí. Nínú Labyrinth, Ọ̀jọ̀gbọ́n Booster ṣubú láti òkè sínú kòtò kan, ó sì fara pa. Olùtayò tí ó bá ní àánú yóò sọ̀kalẹ̀ lọ bá a sọ̀rọ̀. Yóò fún un ní Booster v0.8, ẹ̀rọ tí a fi ń fò, yóò sì kú. Ẹni tí ó bá fò kọjá lórí kòtò náà láìyà sọ́dọ̀ rẹ̀ ni Booster kò ní kú mọ́ lọ́wọ́, òun ni yóò sì gba Booster v2.0 lẹ́yìn náà. Kò sí ìkìlọ̀ kankan, fífò náà sì le débi pé ẹni tí kò mọ̀ yóò rò pé kò ṣeé fò: ẹ gbọ́dọ̀ sáré wá, kí ẹ tẹ Z ní etí òkúta gan-an, kí ẹ má sì gbé ọwọ́ kúrò. Mo ti gbọ́ àwọn tí ń gbèjà rẹ̀ pé àṣírí ló yẹ kí ó jẹ́. N kò gbà. Àṣírí ni kí a fi nǹkan pamọ́ fún ẹni tí ó wá a. Kí a jẹ àánú ènìyàn níyà láìsọ ìdí fún un, ìrẹ́jẹ ni.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ Curly. Nígbà tí ẹ bá ṣẹ́gun ọ̀tá ńlá kan tí ń jẹ́ Core, omi yóò kún yàrá náà, Curly yóò sì fi àpò afẹ́fẹ́ rẹ̀ gbà yín là. Ẹ wá okùn tí ń jẹ́ Tow Rope nínú yàrá Core náà, ẹ fi so Curly mọ́ra, kí ẹ tó jáde. Ní Waterway, ilé kékeré kan wà lójú ọ̀nà tí omi lè gbé yín kọjá rẹ̀ bí ẹ kò bá ṣọ́ra. Ẹ wọlé, ẹ tẹ́ Curly sórí ibùsùn, ẹ ka ohun tí ó wà níbẹ̀, kí ẹ fa omi kúrò lára rẹ̀, kí ẹ sì tún gbé e. Ẹ ó rí i lẹ́yìn náà pé kò rántí nǹkan kan mọ́. Olú kan tí ń jà, Ma Pignon, ni oògùn rẹ̀.

Ní òpin, ọ̀tá mẹ́ta ń bọ̀ léra lẹ́yìn tí ẹ bá kọjá Balcony: Misery, Doctor àti Undead Core, láìsí ibi ìfipamọ́ láàárín wọn. Bí ẹ bá kú, ẹ ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ẹ ó sì tún ka ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ ṣáájú ìjà. Ẹ lè di Z mú kí ọ̀rọ̀ náà yára, ṣùgbọ́n kò ṣeé fò. Ibi yìí gan-an ni ìtọ́jú tí ẹ ṣe fún ìbọn yín ti máa ń sanwó. Àwọn tí ó bá ní Booster v2.0 lè kọjá lọ sí Sacred Grounds, níbi tí Ballos, ọ̀tá ìkẹyìn, wà. Bí ẹ bá ti wọ ibẹ̀, kò sí ìfipamọ́ mọ́, nítorí náà, ẹ má ṣe lo Life Pot tí ń dá gbogbo ẹ̀mí padà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí ẹ tó dé iwájú Ballos. Orin ibẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tí n kò fi bínú sí ikú tí mo ń kú.

Oríṣi òpin mẹ́ta ni ó wà. Èyí tí ó kúrú jù ni kí ẹ gbà láti bá ọ̀dọ́kùnrin kan tí ń jẹ́ Kazuma sá lọ nígbà tí ó bá pè yín. Bí ẹ bá fẹ́ rí i, ẹ ṣe ẹ̀dà Profile.dat, ẹ dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ẹ wo bí ìtàn náà ṣe parí, kí ẹ sì dá ẹ̀dà náà padà sí àyè rẹ̀.