Bí A Ṣe Ń Ṣe Àwòṣe Oòrùn àti Àwọn Pílánẹ́ẹ̀tì Tó Ń Yí

Gbogbo ọmọ ló mọ bọ́ọ̀lù kùn lọ́dà. Àárín, níbi tí apá mẹ́jọ oníwáyà tó gbé àwọn pílánẹ́ẹ̀tì ti pàdé lórí irin kan ṣoṣo, ni iṣẹ́ yìí ti ń bàjẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ẹ wá pákó tó wúwo, irin gbọọrọ tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 22, bírò kan tí yíǹkì rẹ̀ ti tán, wáyà tó le díẹ̀, bọ́ọ̀lù fóòmù mẹ́sàn-án, ọ̀dà àti gọ́ọ̀mù. Abẹ́rẹ́ ìhunṣọ onírin ni èmi ń lò, torí ó ń dán. Sípóòkù kẹ̀kẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ jù; ike bírò á máa mì lẹ̀gbẹ̀lẹ̀gbẹ̀ lórí rẹ̀. Tí kò bá sí fóòmù, ẹ rún bébà, ẹ fi sẹ́lótéèpù wé e. Ẹ má lo amọ̀. Ó wúwo, apá tó gùn á tẹ̀.

Ẹ má ṣe ìyọnu lórí ìwọ̀n gidi. Tí Ayé bá fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 1, Oòrùn á fẹ̀ ju mítà 1 lọ, á sì jìnnà sí i ní nǹkan bíi mítà 117. Ta ni yóò gbé ìyẹn dé kíláàsì? Èmi máa ń fún Oòrùn ní sẹ̀ǹtímítà 8, Júpítà 6, Sátọ̀nì 5, Yúrénọ́ọ̀sì àti Nẹ́ptúùnù 4, Ayé àti Àgùàlà tí ìwé ń pè ní Fẹ́núsì 2, Máàsì 1 ààbọ̀, Mẹ́kúrì 1. Pluto kò sí níbẹ̀. Wọ́n ti yọ ọ́ kúrò lára àwọn pílánẹ́ẹ̀tì lọ́dún 2006.

Ẹ lu ihò sáàárín pákó, kí irin dúró ṣánṣán. Tó bá fi díẹ̀ tẹ̀, àwọn pílánẹ́ẹ̀tì á máa yọ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan fúnra wọn.

Ẹ wá gé ike bírò sí ọ̀nà mẹ́jọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan sẹ̀ǹtímítà 1 ààbọ̀, ẹ fi sáńpépà ha ojú ibi tí ẹ gé títí yóò fi tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ we ìdí wáyà mọ́ ike kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ kán gọ́ọ̀mù sí i lórí tábìlì, ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Lórí tábìlì ni mo wí o! Mo ti rí ọmọ tó kó gbogbo rẹ̀ sórí irin kó tó kán gọ́ọ̀mù. Gọ́ọ̀mù ṣàn wọnú, mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ di ẹyọ kan, àfi kó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí bírò mìíràn.

Gígùn apá láti àárín, ní sẹ̀ǹtímítà: Mẹ́kúrì 6, Àgùàlà 8 ààbọ̀, Ayé 11 ààbọ̀, Máàsì 14, Júpítà 18, Sátọ̀nì 26, Yúrénọ́ọ̀sì 33, Nẹ́ptúùnù 38. Ẹ fi sẹ̀ǹtímítà 25 lé e nígbà tí ẹ bá ń gé wáyà, nítorí ìdí tí ẹ wé àti orí tí ẹ máa tẹ̀ sókè kí bọ́ọ̀lù lè bá Oòrùn dọ́gba.

Nẹ́ptúùnù ni kó kọ́kọ́ wọ irin, nísàlẹ̀ pátápátá. Mẹ́kúrì ni kó kẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ ń ṣe é sódì torí pé láti ọ̀dọ̀ Oòrùn ni wọ́n ti ń kà á. Tí Mẹ́kúrì bá wà nísàlẹ̀, wáyà rẹ̀ tó nà sókè á kọlu apá méje tó wà lórí rẹ̀, kò ní lè yí ká láé.

Láàárín ike méjì, ẹ ti pẹlẹbẹ róbótó kan bọ irin, èyí tí ẹ gé lára ìgò oníke. Wáṣà tí wọ́n ń tà kò yọ̀ tó o.

Ẹ má fi gọ́ọ̀mù lẹ Oòrùn. Ẹ kàn tẹ̀ ẹ́ mọ́ orí irin, kí àlàfo tó nípọn tó èékánná wà lábẹ́ rẹ̀.

Ọwọ́ ni kí ẹ fi yí i. Mọ́tò kan ṣoṣo á yí gbogbo wọn lọ́gbọọgba, bẹ́ẹ̀ Mẹ́kúrì ń fi ọjọ́ 88 yí Oòrùn po, Nẹ́ptúùnù ń fi nǹkan bí ọdún 165. Tí Ayé bá yí lẹ́ẹ̀kan, kí Mẹ́kúrì yí lẹ́ẹ̀mẹrin, kí Máàsì yí ju ìdajì lọ díẹ̀, kí ọwọ́ má fi bẹ́ẹ̀ kan Nẹ́ptúùnù. Ọ̀nà kan náà ni kí gbogbo wọn gbà, òdì sí ọ̀nà tí ọwọ́ aago ń gbà. Kí ẹ tó gbé e wọ ọkọ̀, ẹ yọ bọ́ọ̀lù Sátọ̀nì, Yúrénọ́ọ̀sì àti Nẹ́ptúùnù sínú ọ̀rá.