Ẹ Pe Ohun Tó Ṣẹlẹ̀ Lórúkọ Rẹ̀: Ìtọ́sọ́nà Lórí Ọ̀rọ̀ Alùpùpù àti Ọ̀rọ̀ Òfin

Ìwé yìí kò kọ́ yín bí a ṣe ń gun alùpùpù. Ẹni tó ń fi í kó ẹrù wálé láti oko, tàbí tó ń fi í gbé àwọn ọmọ lọ sílé ìwé, ti mọ ìyẹn tipẹ́. Àṣìṣe kan ló bí ìwé yìí, èyí tí à ń rí léraléra nínú àkọsílẹ̀ tí àwọn ènìyàn ń ṣe lọ́dọ̀ ọlọ́pàá lẹ́yìn ìjàǹbá: wọn kì í pe ohun tó ṣẹlẹ̀ ní orúkọ rẹ̀. Gbólóhùn tí wọ́n kọ, irú bíi «búréèkì kò mú», lè má ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ, síbẹ̀ òun ni ilé iṣẹ́ adójútòfò yóò dì mú nígbà tí ẹ bá béèrè owó, òun náà ni agbẹjọ́rò ẹnì kejì yóò kà jáde nílé ẹjọ́, tí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ yóò sì fi ẹnu ara rẹ̀ di ẹlẹ́ṣẹ̀.

Ẹ yé sọ pé búréèkì kò mú

Bí ẹ bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé búréèkì yín kò mú, ohun tí òfin gbọ́ ni pé ẹ gbé ọkọ̀ tí kò yẹ ní ojú pópó jáde, nítorí ẹni tó ń gun ọkọ̀ àti ẹni tó ni ín ni òfin ń bi léèrè bí ara ọkọ̀ kò bá pé. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, kì í ṣe ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn rárá. Ohun mẹ́rin tó yàtọ̀ síra ni àwọn ènìyàn ń dà pọ̀ sábẹ́ gbólóhùn yẹn. Èkíní ni kí búréèkì já ní tòótọ́: wáyà rẹ̀ gé, tàbí òróró rẹ̀ jò dànù, tí ẹ fi fà á tí kò sì dí yín lọ́wọ́ rárá. Èkejì ni kí táyà há: búréèkì mú débi pé ẹsẹ̀ ọkọ̀ kò yí mọ́, ṣùgbọ́n alùpùpù ṣì ń wọ́ lọ, ó sábà máa ń fi ìlà dúdú sílẹ̀ lójú ọ̀dà, ìlà yẹn gan-an sì ni ẹ̀rí pé búréèkì yín ṣiṣẹ́. Ẹ̀kẹta ni kí táyà yọ̀ nítorí òróró, iyanrìn tàbí omi tó wà lójú ọ̀nà, láìjẹ́ pé ẹ tilẹ̀ fọwọ́ kan búréèkì. Ẹ̀kẹrin, tí àwọn ènìyàn kì í fẹ́ẹ́ dárúkọ, ni kí àyè má tó: búréèkì dára, táyà kò há, ọ̀nà kò yọ̀, àmọ́ ẹlòmíràn já wọ iwájú yín nígbà tí ilẹ̀ tó kù kò gba ìdúró mọ́.

Alùpùpù tó ń sáré kìlómítà 50 ní wákàtí kan ń rin nǹkan bíi mítà 14 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá gba ìṣẹ́jú àáyá kan kí ojú tó rí kí ọwọ́ sì tó fà, mítà 14 ti lọ kí búréèkì tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, ọ̀nà tí búréèkì fúnra rẹ̀ nílò láti dá ọkọ̀ dúró yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Nítorí náà, ẹni tí ọkọ̀ já wọ iwájú rẹ̀ ní mítà 10 kò ní ẹjọ́ kankan láti bá búréèkì rẹ̀ rò. Mítà 10 yẹn ni kí ó kọ sílẹ̀.

A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni purọ́. Bí wáyà bá gé, ẹ sọ pé ó gé. Ẹ̀bẹ̀ wa ni pé kí ẹ má fi ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ba ọkọ̀ tó dára jẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan wà fún àwọn tó ń tú búréèkì iwájú kúrò nítorí ẹ̀rù pé yóò gbé wọn ṣubú. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń dúró, ìwúwo rẹ̀ ń ṣí síwájú, búréèkì iwájú ló sì ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Ẹni tó tú u ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ ọkọ̀ rẹ̀ di èyí tí kò yẹ ní ojú pópó, kò sì sí àlàyé tó lè bò ó. Ẹ dá a padà lónìí.

Ẹ̀rí pé ẹ tọ́jú ọkọ̀

Ẹ ní ìwé kékeré kan tí ẹ ó máa kọ ọjọ́ àti òǹkà sí. Ṣéènì ọ̀pọ̀ alùpùpù kékeré gbọ́dọ̀ lè lọ sókè sódò ní nǹkan bíi mílímítà 20 sí 30 ní àárín rẹ̀, kílọ́ọ̀ṣì (clutch) sì gbọ́dọ̀ ní àyè mílímítà 10 sí 20 ní ṣóńṣó ọwọ́ rẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Bí ìwé tó bá ọkọ̀ wá bá sọ òǹkà mìíràn, tirẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀lé. Ní ti jíjìn ojú táyà, òfin ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń sọ ọ́: ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mílímítà 1 ló kéré jù fún alùpùpù tó ju 50 cc (ìwọ̀n inú ẹ́ńjìnnì) lọ. Ẹ kọ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Ìwé kékeré yìí ló máa dáhùn fún yín bí ẹnikẹ́ni bá ní ẹ kò tọ́jú ọkọ̀ yín.

Nọ́ńbà mẹ́ta, kì í ṣe ọ̀kan

Ẹ má da nọ́ńbà mẹ́ta yìí pọ̀ nínú àkọsílẹ̀ yín. Nọ́ńbà ọkọ̀ ni èyí tí ìjọba fún un, tó wà lára pátákó lẹ́yìn. Nọ́ńbà ṣaasí jẹ́ ti ara ọkọ̀. Gẹ́gẹ́ bí ìlànà àgbáyé, àmì 17 ló ní, lẹ́tà I, O àti Q kì í sì í sí nínú rẹ̀, nítorí náà 1 ni èyí tó bá jọ I, 0 sì ni èyí tó bá jọ O. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì wà lára ẹ́ńjìnnì, ó sì ń yí padà bí ẹ bá pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì. Ẹ wo cc ẹ́ńjìnnì náà dáadáa: Àdéhùn Vienna ti ọdún 1968 lórí ìrìnnà ojú pópó fi 50 cc ṣe ààlà láàárín ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kékeré àti alùpùpù gan-an. Ìwé àṣẹ ìwakọ̀ tó bá ti ìsàlẹ̀ ààlà mu lè má bá ti òkè mu.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀bi

«Ẹ pẹ̀lẹ́» àti «mo jẹ̀bi» kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà. Ẹ bá ẹni tó farapa kẹ́dùn, ẹ ràn án lọ́wọ́, àmọ́ ẹ fi ọ̀rọ̀ ẹ̀bi sílẹ̀ fún àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti dá a. Àìkíyèsára ni kí ènìyàn má ṣe ìṣọ́ra tí ó yẹ kí ó ṣe. Ìwàkuwà ọkọ̀ ni kí ó mọ ewu náà kí ó sì tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Owó ìtanràn ń lọ sápò ìjọba, owó gbà-máà-bínú ń lọ sọ́wọ́ ẹni tó farapa, sísan ọ̀kan kò sì pa ìkejì rẹ́.

Ẹ̀bi àjọpín, ìyẹn kí ẹni tó farapa náà ní ìpín nínú ẹ̀bi, ni ó yẹ kí ẹ lóye jù. Ní ọdún 1971, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní England gé ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún kúrò nínú owó gbà-máà-bínú ọkùnrin kan tó ń gun alùpùpù láìdé àṣíborí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé awakọ̀ mìíràn ló fa ìjàǹbá náà, àti pé ọdún 1973 ni òfin tó sọ àṣíborí di dandan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ dé e, ẹ so okùn rẹ̀ mọ́ àgbọ̀n, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ yín pé ẹ so ó. Èyí tó bá ti gbá ilẹ̀ nínú ìjàǹbá, ẹ má dé e mọ́.

Ìwé tí ẹ fẹ́ fọwọ́ sí

Adójútòfò fún ẹlòmíràn ń sanwó fún ẹni tí ẹ kọ lù àti ohun ìní rẹ̀. Kò ní tún alùpùpù tiyín ṣe, kò sì ní wo ẹsẹ̀ yín sàn. Adójútòfò mìíràn ló ń ṣe ìyẹn.

Bí ẹnì kan bá gbé owó wá ní ọjọ́ kejì ìjàǹbá pẹ̀lú ìwé tó sọ pé ẹ ti gba gbogbo ẹ̀tọ́ yín, tí ẹ kò sì ní béèrè ohunkóhun mọ́, ẹ má pè é ní rìsíìtì. Ìwé ìjọ̀wọ́ ẹ̀tọ́ ni. Eegun tó sán lè má fi ara hàn títí di ọ̀sẹ̀ kejì. Ẹ jẹ́ kí dókítà kọ́kọ́ yẹ̀ yín wò.

Ní ti àkọsílẹ̀ ọlọ́pàá, ẹ kà á kí ẹ tó fọwọ́ sí i, tàbí kí ẹ ní kí wọ́n kà á sí yín létí ní èdè tí ẹ gbọ́. Bí ọ̀rọ̀ kan kò bá bá ohun tó ṣẹlẹ̀ mu, ẹ fi ìlà kan ṣoṣo gé e, ẹ kọ èyí tó tọ́ sókè rẹ̀, ẹ sì fọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ àtúnṣe náà. Ẹ fa ìlà dí gbogbo àyè tó ṣófo lábẹ́ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn, kí ẹ tó wá fọwọ́ sí ìwé náà lábẹ́ ìlà yẹn.